Ọkọ Mi, Ìwé Ìlànà, àti Ohun Tí Mo Sọ Nídìí Abọ́

                                                  Yàrá Kẹrin, Òkè Kejì,
                                                  Ilé tó kọjú sí ilé ìtẹ̀wé,
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo ti lọ́kọ. Mo ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí mo bá ní kí n máa yí i ká, ìwé yìí á kún tán, mi ò ní tíì sọ ọ́. Láti oṣù tó kọjá ni, ní kóòtù, ní ọ̀sán gangan. Ẹlẹ́rìí wa ni tọkọtaya kan tí a kò mọ̀ rí, tí àwọn náà wá ṣe tiwọn. A jẹ́rìí fún wọn, wọ́n jẹ́rìí fún wa, a sì jọ pín bisikíìtì jẹ lórí àtẹ̀gùn kóòtù. Mi ò sọ fún yín, mi ò sọ fún Màmá, mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju ìwé yìí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi ọwọ́ lé ìbàdí.

Ẹ jẹ́ kí n kí yín ná, kí ẹ má baà sọ pé ọkọ ti gba làákàyè mi. Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà kí ẹ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ bó ṣe yẹ? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orí àga náà ni wọ́n ṣì ń sùn sí tí wọ́n á ní àwọn kò sùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí àbúrò ti mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì? Màmá ńkọ́, ṣé gíláàsì tuntun yẹn bá ojú wọn mu? Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Mo kí gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, ara mi le, mo ń jẹun, mo ń sùn, mo tiẹ̀ sanra sí i díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́, torí nígbà tí ẹ bá kà á síwájú ẹ lè rò pé kò dùn mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín méjì ló wà nínú ife kan báyìí. Bí mo bá dá wà nílé, mo máa ń sọ "ọkọ mi" sókè kí n kàn lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ rántí ẹni tí mo máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà tí mo bá wá sílé, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Jẹ́jẹ́? Òun ni. Ara àwọn tó ń kọ kóòdù ni, kì í pariwo rárá. Kódà bó bá fẹ́ sín, ó dà bí ẹni pé ó máa kọ́kọ́ gbàyè. Òun ló wá fẹ́ èmi tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ní Aláròyé. Bó bá ń gbálẹ̀, ó máa ń kùn bí oyin, orin kan náà ni, kì í parí ẹ̀. Mo ti wá ń bá a parí ẹ̀ láti inú yàrá.

Ìdí tí mo fi fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nìyí. Ọ́fíìsì wa ní òfin pé tọkọtaya kì í jókòó nínú yàrá iṣẹ́ kan náà. Bí ẹni méjì bá fẹ́ra, ọ̀kan nínú wọn á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ fóònù àwọn oníbàárà. Ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, ẹ sì mọ bí ohùn mi ṣe máa ń há tí mo bá délé. Mi ò fẹ́ padà síbẹ̀. Àti pé ìpàdé kan ń bọ̀ nígbà náà, tí a ó ti yan àmì tí a ó máa fi kọ ìwé ìlànà. Jẹ́jẹ́ fúnra ẹ̀ ló ní ká dákẹ́. Ó ní, "Èmi á gbè ọ́ lẹ́yìn níbi ìpàdé yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ pé ìyàwó mi ni ọ́, wọ́n á ní ẹnu ìyàwó ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ìpàdé kọjá ná, ká wá pe gbogbo ayé." Mo gbà. Mo tiẹ̀ rò pé ọgbọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àmì yìí, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ilé iṣẹ́ wa ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìtaògùn fi ń mọ oògùn tó kù lórí pẹpẹ àti èyí tí ọjọ́ ẹ̀ ti fẹ́ kọjá. Èmi ni mo ń kọ ìwé tó ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe lò ó: tẹ ibí, nǹkan báyìí á yọ, bí kò bá yọ, ṣe báyìí. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè dá mọ èwo ni àkọlé, èwo ni ìkìlọ̀, àfi kí èèyàn sàmì sí i. Bíi ṣọ́ọ̀kì yín ni. Ẹ ó fa ilà sára aṣọ: ibí ni ká ká, ibí ni ká gé, ibí ni bọ́tìnnì ń lọ. Ẹni tó máa wọ aṣọ kò ní rí ṣọ́ọ̀kì náà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, apá aṣọ á lọ jókòó síbi ọrùn.

Oríṣi àmì méjì la ń jà lé lórí. Ọ̀kan ni Markdown, èyí tí mo ti ń lò bọ̀. Ìràwọ̀ méjì níwájú ọ̀rọ̀, ìràwọ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á dúdú kirikiri. Àmì kékeré kan tó dà bí fèrèsé onírin níwájú gbólóhùn, ó ti di àkọlé nìyẹn. Oníràwọ̀ la ń pè é. Kò sí ẹni tí kò lè kà á; ẹni tó ń gbọ́ fóònù nísàlẹ̀ lè ṣí i, kó tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe, kó sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Èkejì ni XML, tí a sọ ní Ẹlẹ́nu-ẹyẹ, torí àmì ẹ̀ dà bí ẹnu ẹyẹ tó là sílẹ̀. Ohunkóhun tí o bá kọ, o gbọ́dọ̀ la ẹnu ẹyẹ níwájú ẹ̀, kí o kọ orúkọ ohun tó jẹ́ síbẹ̀, kí o tún fi ẹnu ẹyẹ mìíràn pa á dé lẹ́yìn. Ó dà bí kí ẹ fi pín-ìn-nì gún ìwé pélébé mọ́ gbogbo ìṣẹ́po aṣọ, níbẹ̀rẹ̀ àti lópin, kí ẹ tó fa òwú kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o, òun náà ń kọ kóòdù ni. Bó ṣe máa ń ti gíláàsì ẹ̀ sókè kó tó sọ̀rọ̀ ló fún un lórúkọ yẹn. Bí Ẹlẹ́nu-ẹyẹ bá wọlé, àwọn tó ń kọ kóòdù ni yóò gba ìwé ìlànà lọ́wọ́ mi, torí àwọn ló ti mọ̀ ọ́n. Èmi á padà sídìí fóònù. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, Jẹ́jẹ́ sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìpàdé, àwa méjèèjì ń fọ abọ́. Èmi ń fọ, òun ń nù ún. Oòrùn wọlé láti fèrèsé, ọṣẹ kún ọwọ́ mi títí dé ìgbúnwọ́, mo ń kọrin. Ó ní, "Aláròyé, kí ni àléébù Oníràwọ̀ yìí gan-an? Sọ fún mi, kí n lè mọ ibi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n á gbà yọ sí wa."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní àmì ẹ̀ kì í jẹ́ ohun kan náà níbi gbogbo; bí aránṣọ mẹ́ta bá rí ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, ọ̀kan á ká a, ọ̀kan á gé e, ìkẹta á rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Mo sọ fún un nípa apòògùn kan tó ṣí ìwé wa lórí fóònù tiẹ̀, tí àtẹ ọjọ́ oògùn wó lulẹ̀ lójú ẹ̀, tí ọjọ́ oògùn kan bọ́ sábẹ́ oògùn mìíràn. Èmi ló pè, mo fi èyí tó dára ránṣẹ́ sí i kíá, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo tún sọ pé bí mo bá yí orúkọ ojú ìwé kan padà, gbogbo ibi tó ń tọ́ka sí i nínú ìwé yòókù á máa tọ́ka sí òfìfo, Oníràwọ̀ kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfi kí oníbàárà kan lọ já síbẹ̀.

Abọ́ kan náà ló ń nù láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mi ò fiyè sí i lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ń sọ nínú ara mi ni pé, ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ rèé o: ẹni tí o lè yí ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ hàn, níbi tí òwú ti so kókó tó rí jágajàga, tí kò sì ní sọ ọ́ níta. Inú mi dùn débi pé mo tún abọ́ tó ti mọ́ fọ̀.

Ọjọ́ ìpàdé wá dé. Ọ̀gá wa ní àṣà kan: kì í fẹ́ àríyànjiyàn ẹnu lásán. Ẹni tó bá ní irin iṣẹ́ kan sàn ju òmíràn lọ gbọ́dọ̀ fi kọ ojú ìwé kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹni tó ń bá a jiyàn fi tiẹ̀ kọ ojú ìwé kan náà, kó lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí gbogbo wa wá dìde dúró kà á. Ẹni tí tiẹ̀ bá dára jù ló ni iṣẹ́ náà. Ojú ìwé tí Ọ̀gá yàn fún wa ni èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń yọ oògùn tí ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá kúrò lórí pẹpẹ. Tèmi kò kún ìwé kan. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìwé púpọ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra wọn títí wọ́n fi kan ilẹ̀.

A ní Àǹtí kan ní ọ́fíìsì, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n wá àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà rí kó tó jáde. Àǹtí Fínnífínní la ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ka ìsàlẹ̀ ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ gbé ẹní wá ni? Ìwé ẹ ti dé ibi tí wọ́n ti ń sùn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gíláàsì ẹ̀ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ẹni tó bá ń wá òótọ́ á bẹ̀rẹ̀."

"Mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹyẹ ni mo ń rí. Ẹyẹ inú ẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Bí mo bá pàtẹ́wọ́ báyìí, gbogbo wọn á fò, ìwé á ku òfìfo."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti di tèmi, Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i lójú wọn. Ìgbà náà ni Ọ̀gá yíjú sí ẹ̀yìn yàrá, ó ní, "Jẹ́jẹ́, ìwọ ńkọ́? O ò tíì sọ̀rọ̀."

Ó dìde. Kò wò mí. Ó yọ bírò lápò, ó tún fi í padà. Ó ní, "Ọ̀gá, Oníràwọ̀ lèmi náà fẹ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ àwọn nǹkan kan." Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ibi tó ń tọ́ka sí òfìfo. Ó sọ̀rọ̀ apòògùn tó ṣí ìwé wa lórí fóònù, àtẹ tó wó, ọjọ́ oògùn tó bọ́ sábẹ́ òmíràn. Ohùn ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mi ni, bí mo ṣe tò ó fún un gan-an ló ṣe ń tò ó fún wọn. Ó tiẹ̀ sọ ti aránṣọ mẹ́ta àti ṣọ́ọ̀kì kan. Ṣọ́ọ̀kì yín, Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo kọ́ lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé inú ilé tiwọn ni wọ́n ti ń ránṣọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, ṣé ohun tí mo bá ọ sọ nídìí abọ́ nìyẹn?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Abọ́ wo? Níbo lẹ̀yin méjèèjì ti ń jọ fọ abọ́?"

Mo ní, "Nílé wa. Ọkọ mi ni."

 Àǹtí Fínnífínní ló kọ́kọ́ ríhùn. Wọ́n ní, "Ẹ kú oríire o. Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù tó kọjá," ni Jẹ́jẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn, bí ẹni tí wọ́n bi pé aago mélòó ló lù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ìyàwó wa, a à tiẹ̀ mọ̀ ká bá yín gbẹ́rù wọlé."

Ohun tí mo rò ni pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọkọ mi ni, wọ́n á rí i pé ńṣe ló dà mí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò sì ní wúwo mọ́. Mo fẹ́ kí ojú tì í. Òdì kejì ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá na ọwọ́ sókè kí gbogbo wa dákẹ́. Ó ní, "Ẹ wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè máa sọ̀rọ̀ torí pé ó fẹ́ràn wàhálà. Aláròyé lè máa sọ̀rọ̀ torí iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ ìyàwó tuntun dìde láàárín ìpàdé, kó sọ àléébù ohun tí ìyàwó ẹ̀ ń fẹ́, kó sì mọ̀ pé ilé kan náà làwọn méjèèjì ń padà lọ lálẹ́ yìí? Mi ò wá ẹlẹ́rìí mìíràn mọ́. Ẹlẹ́nu-ẹyẹ la mú."

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́, bóyá Àǹtí Fínnífínní ì bá tún dá wọn lẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà sì yẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ di òótọ́ tí kò ṣeé jà níyàn.

Ọ̀gá tún rántí òfin tọkọtaya. Ó ní ọ̀kan nínú wa á sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ojú wá sára mi, mi ò dá wọn lẹ́bi, torí ta ni ẹnikẹ́ni ì bá tún wò? Àǹtí Fínnífínní ló ní, "Ọ̀gá, àṣà yín ni pé ẹni tó bá kọ ọ́ dáadáa sára ògiri ló ni iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí fi Ẹlẹ́nu-ẹyẹ kọ orí kan odindi. Bí mo bá wò ó tí mi ò rí àléébù, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, kí ọkọ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ gbọ́ fóònù. Ohùn ẹ̀ ṣáà tutù, àwọn oníbàárà á fẹ́ràn ẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Fúráìdè, ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀.

Mo ṣáájú ẹ̀ délé. Nígbà tó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ó ní, "Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Mo ní, "O ò parọ́. Bó bá jẹ́ irọ́ lo pa, ǹ bá ti dárí jì ọ́ kí o tó bọ́ bàtà."

Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tú okùn bàtà. Ó ní, "Nígbà tí o sọ̀rọ̀ àtẹ tó wó yẹn lọ́kàn mi yí. Mo ń ro ìyá kan tó máa ra oògùn tó ti bàjẹ́ fún ọmọ ẹ̀, torí pé ìwé wa wó lójú apòògùn. Mi ò rí i bí mo ṣe máa gbè é mọ́."

"Nígbà tí ọkàn rẹ yí, kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Abọ́ ṣáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ."

"O ń kọrin. Inú rẹ ń dùn. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

"O wá gbé e lọ bà jẹ́ níwájú ògiri, lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́ mi ní Ẹlẹ́nu-ẹyẹ, pé kò le tó bí mo ṣe rò. Mo ní kó jẹ́ kó máa le bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé torí àmì lásán ni mo ṣe ń bínú. Èèyàn lè fẹ́ ohun tó bá wù ú. Bó bá sọ fún mi nílé, à bá jà, màá pariwo, màá ju kànìnkànìn sínú omi, ilẹ̀ á mọ́, èmi fúnra mi ì bá wá ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà yọjú síbi ìpàdé. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé láti Sátidé yẹn títí di ọjọ́ ìpàdé, ó ń wò mí bí mo ṣe ń múra. Ó ka ojú ìwé mi, ó ní ó dára. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, òun ló bá mi di tépù mú. Ó ń gé tépù fún mi níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi í lé mi lọ́wọ́, ó sì mọ ohun tó máa dìde sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o. Mo fi ìgbúnwọ́ mi gbún un díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí i, bí ìyàwó ṣe ń ṣe fún ọkọ. Wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mi ò mọ̀ pé tilé lè bá èèyàn di tépù mú.

Àǹtí Fínnífínní ló ń kọ́ mi nígbà tí gbogbo ọ́fíìsì bá lọ jẹun. Mo ń kọ́ ọ pẹ̀lú ìbínú, ìbínú sì mọ ìwé í kọ́ni. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa ẹnu ẹyẹ kan ṣoṣo dé, kò ní bá yín tẹ ohunkóhun jáde, á sì sọ ìlà tí ẹ ti gbàgbé ẹ̀ fún yín. Mo kórìíra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo yí orúkọ ojú ìwé kan padà, lójú ẹsẹ̀ ni ó ta kò mí pé àwọn ojú ìwé báyìí báyìí ń tọ́ka sí ohun tí kò sí mọ́. Mo jókòó, mo ń wò ó. Jẹ́jẹ́ tọ̀nà. Fún ìwé tó wà fún àwọn apòògùn, Jẹ́jẹ́ tọ̀nà. Mi ò tíì sọ fún un. Kí òun náà jókòó ti ẹni tó mọ nǹkan tó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, kó wo bó ṣe ń rí.

Síbẹ̀ náà, ẹ má dà mí lóhùn bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo ń bínú sí i, mo sì ń fetí sí ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilé, mo mọ̀ ọ́n láàárín gbogbo ará ilé yìí. Bó bá ń gbálẹ̀ tó ń kùn, mo ti máa ń bá a parí orin náà kí n tó rántí pé mo ń bínú. Nígbà mìíràn mo máa ń rẹ́rìn-ín, tí màá wá yí ojú sí ògiri kó má rí i. Mi ò kábàámọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ṣe mọ́ ni abọ́. A kì í jọ fọ ọ́ mọ́. Yóò fọ tiẹ̀, èmi náà á fọ tèmi, ibi omi yẹn á sì dákẹ́ bíi kíláàsì tí olùkọ́ wọlé sí.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá. Ẹ mú un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n jókòó ná. Ẹ sọ pé mo ti lọ́kọ, pé ó mọ iṣẹ́, pé ó ń bọ̀wọ̀ fágbà, pé ó ń gbálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Apá tó kù nínú ìwé yìí, ẹ fi sínú fún mi. Ẹ má jẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ gbọ́ ọ, torí wọ́n á kàn dìde, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú burúkú wo ọkọ mi yàtọ̀ sí èmi. Ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ kí àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ kí ìyá tó ń ta òwú ní ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ní mo ti lọ́kọ, kí wọ́n yé fi ọmọ wọn lọ̀ mí.

Kí gbogbo yín wá sọ́dọ̀ wa, kí ẹ wá rí i, ká jókòó ká jẹun. Jẹ́jẹ́ ti ń yá àga lọ́wọ́ àwọn ará ilé, ó ti kà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ dé ni ìwé mi á wà lára ògiri, nítorí náà nígbà tí ẹ bá máa fi dé, a ó ti mọ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Èyí tó bá jẹ́, ẹ ó bá ẹ̀rín lẹ́nu mi, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n abọ́ máa pọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá rí mi tí mo dìde lọ sí ìdí omi, tí òun náà gbé aṣọ ìnubọ́ tẹ̀ lé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé wa wọlé. Ẹ dúró sáàárín wa, kí ẹ máa sọ ìtàn orúnkún yín. Mi ò fẹ́ kó bi mí ní ohunkóhun níbi tó ti ń nu abọ́, torí mo mọ ara mi, màá sọ fún un.

Sátidé, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, ni kí gbogbo yín dé, kí oòrùn tó gòkè.

                                                  Àbúrò tí ẹ kọ́ ní fífi ṣọ́ọ̀kì sàmì,
                                                  Aláròyé.